Mímú Ẹṣin Ẹni Lọ sí Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìpele Kejì

Ìpele kejì nínú ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn wà fún ẹni tó ti lè jókòó lórí gàárì láìṣubú, tó sì ti lè darí ẹṣin nínú ìrìn jẹ́jẹ́. Ẹṣin tirẹ̀ ni yóò mú lọ, kì í ṣe ti olùkọ́, nítorí àwọn méjèèjì ni yóò jọ gba ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpele yìí kì í ṣe àjòjì sí àwa Mùsùlùmí. Nínú ẹ̀gbàwá Ibn Umar tó wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣètò eré ẹṣin ní Mẹ̀dínà. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ti tọ́ sáré láti Hafya dé Thaniyyatul-Wada, tí Sufyan sọ pé ó tó máìlì 5 tàbí 6. Àwọn tí wọn kò tíì tọ́ sáré láti ibẹ̀ dé mọ́sálásí Banu Zurayq, bíi máìlì 1 péré. Ibn Umar fúnra rẹ̀ gun ẹṣin nínú eré náà. Títọ́ yìí ni Lárúbáwá ń pè ní tadmir: wọn á kọ́kọ́ bọ́ ẹṣin títí yóò fi sanra, wọn á wá dín oúnjẹ rẹ̀ kù, wọn á da aṣọ bò ó nínú ilé kí ó lè làágùn, títí ara rẹ̀ yóò fi le. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán ti aṣọ yìí wò nínú ooru Ìlọrin.)

Orí ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó di okùn mú, ẹ ó kọ́ ẹṣin láti fà sẹ́yìn, láti gbé ìdí kúrò bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti láti dúró bí ẹ bá dúró. Lójú ẹlòmíràn, eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ẹṣin tí kò gbọ́ràn sí wa lẹ́nu nílẹ̀, ṣé orí gàárì ni yóò ti gbọ́? Lẹ́yìn náà ni gígùn: bíbọ́ láti inú ìrìn sí ìsáré kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, pípadà sí ìrìn láìfa ìjánu tagbáratagbára, àti fífi okùn ìjánu kan ṣoṣo tẹ orí ẹṣin sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè dúró bó bá fẹ́ gbé ẹni sá lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí la kà sí pàtàkì jù. Lọ́jọ́ Iléyá, tí ìlù àti kàkàkí ń dún, tí èrò há gádígádí lójú pópó, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ẹṣin tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa. Ṣùgbọ́n a kì í fà á lójijì nínú eré àsápajúdé, torí ẹṣin lè ṣubú tòun tẹni tó gùn ún.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko wo pátákò àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára dání. Ìyípadà oúnjẹ lójijì máa ń fa inú rírun, ẹṣin kò sì lè bì, ó lè kú síbẹ̀.

Bí ẹ bá rí olùkọ́ tó ń na ẹṣin lójú, ẹ mú tiyín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ nína ẹranko lójú àti fífi iná sàmì sí i níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Muslim ṣe gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Jabir.