Àwọn Àlùfáà àti Ìjà Òmìnira ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Kì í ṣe àlùfáà ló dá ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, sílẹ̀. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ló bẹ́ Oyèpẹtún, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, lórí ní 1878. Ajẹ́lẹ̀ ni Ìbàdàn fi ń jọba lórí Èkìtì: á jókòó sáàárín ìlú, á máa gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ á sì máa kó ewúrẹ́ àti iṣu onílé láìsan kọ́bọ̀. Ìjerò wà lára àwọn ìlú tó dara pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀ṣà lábẹ́ Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé sì ni olórí ogun wọn.

Láàárín àwọn onígbàgbọ́ Èkó ni ìjà náà ti rí ìrànlọ́wọ́. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n padà dé láti Sàró bí onígbàgbọ́, ń dáwó jọ, wọ́n ń kọ̀wé sí gómìnà Òyìnbó ní Èkó, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sójú ogun.

Àlùfáà ní tirẹ̀, ìwé ló gbé. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán Samuel Johnson sí Ìbàdàn, ó sì rán Charles Phillips, àlùfáà Oǹdó, sí ibùdó Èkìtì. Orúkọ Ajerò, ọba Ìjerò, wà nínú àdéhùn tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà: Èkìtì gba òmìnira, àmọ́ Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àdá ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Ìbàdàn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson; ẹni tó bá ń ka ìtàn tó kọ lórí ogun yìí, kó máa rántí bẹ́ẹ̀. Àlàáfíà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí Gómìnà Carter fi tú ibùdó ogun ká ní 1893.

Ipa àwọn àlùfáà Gíríìkì nínú ìjà òmìnira tiwọn gbóná jù báyìí lọ. Ní 1821, Bíṣọ́ọ̀bù Germanos wà lára àwọn tó ṣíwájú ọ̀tẹ̀ sí ìjọba Ottoman. Pátíríákì Gregory Karùn-ún yọ àwọn ọlọ̀tẹ̀ lẹ́gbẹ́, síbẹ̀ Ottoman so ó kọ́.

Ní Èkìtì, Òyìnbó tó bá wa tú ogun ká ló wá di ọ̀gá. Nígbà tí ìsọjí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní 1930, ara ìjọba kò balẹ̀ sí ogunlọ́gọ̀ tó ń wọ́ tẹ̀lé e. Ní 1932, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Kò gbé ìbọn, kò sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Ó kú ní Ẹdẹ ní 1959. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí.