Eérú pákó lè dín sìmẹ́ǹtì kù, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n

Iṣẹ́ gẹdú kì í ṣe àjèjì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti agbègbè Ogun Waterside. Iná ni wọ́n sábà máa ń sọ sí lẹ́búlẹ́bú pákó níbi tí wọ́n ti ń la igi. Bẹ́ẹ̀ eérú rẹ̀ lè gba ipò díẹ̀ lára sìmẹ́ǹtì nínú kọ́ńkéré.

Bí omi bá kan sìmẹ́ǹtì, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní calcium hydroxide máa ń jáde lára rẹ̀. Sílíkà inú eérú ló ń dà pọ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n á sì jọ le. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Kọ́ńkéré eléérú kì í tètè gba agbára.

Lọ́dún 2002, ìwádìí A. U. Elinwa àti Y. A. Mahmood ní Bauchi fi hàn pé ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì ló dára jù. Eérú náà gbọ́dọ̀ jóná dáadáa kí èédú má ṣẹ́kù sínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi asẹ́ kíkúnná jọ̀ ọ́.

Eérú igi kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹnjiníà kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fọ́ ègé kọ́ńkéré àyẹ̀wò lẹ́yìn ọjọ́ 28, kí wọ́n tó fi ṣe pílà tàbí dẹ́kì. Ẹni tó bá bu eérú láìdíwọ̀n, ẹ̀mí àwọn tí yóò gbé inú ilé náà ló fi ń ṣeré.