Kí ni "game-worn"?

Lẹ́nu àwọn tó ń kó ẹ̀wù họ́kì orí yìnyín àtijọ́ jọ, ẹ̀wù tí eléré wọ̀ sára nínú ìdíje gan-an ni "game-worn". Èyí tí ẹgbẹ́ kàn rán fún un tí kò wọ̀ kì í ṣe é, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ wà lẹ́yìn aṣọ. Ojú ibi tí ọ̀pá ti ha á àti ibi tó ya tí wọ́n tún rán ni ẹ̀rí. Àwọn kan á ní oníjìbìtì lè mọ̀ọ́mọ̀ ya aṣọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwòrán ọjọ́ ìdíje wà, ó sì ṣòro kéèyàn rán ojú abẹ́rẹ́ tó bá ti inú àwòrán mu régí. Irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ sì lè gbówó lórí gan-an: ẹ̀wù tí Paul Henderson wọ̀ gbá góòlù tó fún Kánádà ní ìṣẹ́gun lórí Soviet ní Moscow lọ́dún 1972 tà ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ní 2010. Nítorí náà, ẹ béèrè ẹ̀rí kẹ́ ẹ tó sanwó.