Jákọ́bù Orí Karùn-ún àti Ọ̀rọ̀ Kíníìnì

Oògùn ibà ló dá ìjọ Apostolic ilẹ̀ Yorùbá sí méjì nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn míṣọ́nárì òyìnbó ń lo kíníìnì. Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pè wọ́n wá sì ní kò bójú mu: báwo ni ẹni tí ń wàásù pé Jésù ni oníṣègùn yóò ṣe máa gbé oògùn mì kó tó gun orí pẹpẹ?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀. Ní 1918, àrùn ọ̀fìnkìn burúkú tó jà káàkiri ayé gba ebúté Èkó wọlé, ó sì dé Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn díẹ̀ nínú ọmọ ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's kóra jọ síbẹ̀ láti máa gbàdúrà, Joseph Ṣàdáre sì ni olórí wọn. Olùkọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì, ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé kí àwọn aláìsàn máa fi àdúrà mu omi òjò. Ẹgbẹ́ tó tibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye.

Láti 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé díẹ̀ lè ṣí Jákọ́bù 5:14-15 fúnra rẹ̀. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ ni pé kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n fi òróró kùn ún, kí wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí. Kò sí dókítà nínú ẹsẹ náà, kò sì sí babaláwo. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ìgbà náà ń gbọ́ ọ ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á sì gba ilé adáhunṣe lọ ní ọjọ́ Ajé. Ìwà méjì yìí ni àwọn ará Ìjẹ̀bú kọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ní àwọn kò rí ibi tí Bíbélì ti ní kí a ri ọmọ ọwọ́ bọmi, àárín àwọn àti bíṣọ́ọ̀bù kò gún mọ́, wọ́n sì kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922.

Inú lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni wọ́n ti rí alábàárò. Ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà ń kọ́ni pé àdúrà nìkan ni ìwòsàn onígbàgbọ́, David Odúbánjọ ní Èkó sì ń bá wọn kọ̀wé. Àwọn ará Ìjẹ̀bú gba orúkọ ìjọ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí pásítọ̀ rẹ̀ sójú rí.

Ní July 1930 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa katakata ìtẹ̀nà tẹ́lẹ̀ kó tó dara pọ̀ mọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Òóyè, Iléṣà, pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Ogunlọ́gọ̀ gbé omi wá kó gbàdúrà sí i. Ẹ̀rù ba ìjọba amúnisìn. Ní 1932 wọ́n sọ Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n lè rí ẹni bò wọ́n lójú ìjọba ni àwọn àgbà ṣe ti kọ̀wé sí ìjọ Apostolic ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí aṣojú mẹ́ta fi dé ní 1931. George Perfect àti Idris Vaughan tẹ̀ lé wọn ní 1932 láti wá jókòó.

Ẹ má rò pé ẹnu àwọn ìjọ àdúrà yìí, tí wọ́n ń pè ní Aládùúrà, kò láàárín ara wọn. Ní Ògèrè, Josiah Ọ̀ṣítẹ́lù, ọ̀kan lára wọn, rí ìyàwó púpọ̀ nínú ilé Ábúráhámù àti Jákọ́bù ti Májẹ̀mú Láéláé, òun náà sì fẹ́ ju ọ̀kan lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn Odúbánjọ ní 1931. Ìwé kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àlàyé àwọn òyìnbó lórí kíníìnì ni pé àwọn ń lò ó kí ibà má baà mú wọn, pé ẹni tí kò tíì ṣàìsàn kò tíì sá fún ìwòsàn Ọlọ́run. Lójú àwọn àgbà, àrékérekè ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìtàn sì wà lẹ́yìn àwọn òyìnbó. Ní 1841, ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó bá ọkọ̀ lọ sí odò Ọya. Ní 1854, wọ́n lo kíníìnì nínú ọkọ̀ Pleiad, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Àjàyí Crowther bá wọn lọ nígbà méjèèjì, òun kan náà tó ṣe aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí gbogbo wọn ń kà.

Kò sí ẹni tó yí ọkàn ẹnìkejì padà. Babalọlá, Odúbánjọ àti àgbà ìjọ mìíràn, Isaac Akínyẹlé, kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde, wọ́n sì fi orúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Àwọn tó kù di orúkọ Apostolic mú. Akínyẹlé di Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí tó fi wàjà ní 1964.

Ní tèmi o, àwọn àgbà náà ṣi Jákọ́bù lò. Jákọ́bù ní kí a gbàdúrà. Kò ní kí a da oògùn nù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ní kí oníwàásù kọ́kọ́ gbé ohun tó ń wàásù wọ ara tirẹ̀, n kò rí ohun tí mo lè bá wọn jà sí níbẹ̀.