Ọmọ Ọdún 12 Tó Ṣe Alárenà fún Fanílà



Ẹni tó bá ti jẹ dẹ̀gẹ̀ lọ́jà wa mọ òórùn dídùn kan tó máa ń ta síni nímú kí ṣíbí tó kan ẹnu. Inú àpò pélébé tí wọ́n kọ «sucre vanillé» sí lára ni òórùn yẹn ti ń wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lónìí, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n fanílà gidi, èso ìtàkùn ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èso náà ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń tà tí wọ́n ń rà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí erékùṣù kan tó kún fún òkè.

Réunion ni wọ́n ń pe erékùṣù náà. Inú Òkun Íńdíà ló wà, ní ìlà-oòrùn Madagascar, Faransé ló sì ni ín títí di òní. Láyé àtijọ́, Bourbon ni orúkọ rẹ̀. Òkè ni gbogbo àárín ibẹ̀. Piton des Neiges ga tó mítà 3,070, Piton de la Fournaise sì jẹ́ òkè oníná tí kò tíì sùn. Àlejò tó bá fẹ́ dé Mafate, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn, àfi bó bá lówó ẹlikọ́pítà, torí ọ̀nà mọ́tò kò dé ibẹ̀.

Ẹ fetí sí orúkọ àwọn kòtò ńláńlá tó wà láàárín òkè náà: Mafate, Cilaos, Salazie. Orúkọ Faransé kọ́ o. Èdè àwọn ará Madagascar ni wọ́n ti wá. Àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko olówó wọn ló gun òkè yẹn lọ, tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn tó sá lọ sórí òkè fi orúkọ sílẹ̀ fún òkè. Àwọn tó kù nísàlẹ̀, lóko, ni orúkọ tiwọn ṣòro láti rí. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù yìí ni òjò ti ń rọ̀ jù. Lẹ́sẹ̀ òkè níbẹ̀, láti Sainte-Suzanne dé Bras-Panon àti Saint-Philippe, ni oko fanílà wà. Àwọn Faransé ti ń wá èròjà olóòórùn tipẹ́ kí fanílà tó débẹ̀. Ní 1770, ọ̀gá kan tí ìjọba fi ṣe olórí iṣẹ́ ní erékùṣù méjèèjì, Bourbon àti Île de France tó di Maurice lónìí, ló jẹ́ kí wọ́n lọ gbé irúgbìn kánáfùrù wá láti Moluku. Pierre Poivre ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Faransé yóò rẹ́rìn-ín: ọ̀gbẹ́ni Ata ló ń wá èròjà ọbẹ̀ kiri.

Láàárín 1819 sí 1822 ni ìtàkùn fanílà dé Bourbon. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni orírun rẹ̀, níbi tí àwọn Totonac ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà láéláé. Ìtàkùn náà gun igi, ó rúwé, ó tanná, ṣùgbọ́n kò so. Ìdí rẹ̀ ni pé awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú ìtànná náà tó pààlà sáàárín akọ àti abo. Ní Mẹ́síkò, àwọn oyin ibẹ̀ máa ń bá a ṣe é. Ní Bourbon, kò sí irú oyin bẹ́ẹ̀. Ní 1836, ọ̀mọ̀wé kan, Charles Morren, fi ọwọ́ mú kí fanílà so ní Liège, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ kò di iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ní Sainte-Suzanne, olóko kan wà tó ń jẹ́ Ferréol Bellier-Beaumont. Ó fẹ́ràn ewéko gan-an. Ẹrú ni ọmọkùnrin tó máa ń tẹ̀ lé e kiri ọgbà. Edmond ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bí i ní 1829, ìyá rẹ̀, Mélise, sì kú nígbà tó bí i. Edmond kò ní orúkọ ìdílé, torí òfin ẹrú kò fún ẹrú ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Lọ́gbà yẹn ló ti rí bí olówó rẹ̀ ṣe ń fi ọwọ́ so akọ ìtànná elégédé kan mọ́ abo kó lè so.

Lọ́jọ́ kan ní 1841, Bellier rí èso lórí ìtàkùn fanílà rẹ̀. Ẹnu yà á. Edmond ní, «Èmi ni mo ṣe é.» Bàbá náà kò gbà á gbọ́. Nígbà tó rí èso mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní kí ọmọ náà fi hàn òun. Edmond mú igi tín-ín-rín, ó fi ká awọ fẹ́lẹ́ náà sókè, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ akọ mọ́ abo. Ó parí. Ọmọ ọdún 12 ni.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bellier rán an kiri oko àwọn ẹlòmíràn kó lè kọ́ àwọn ẹrú wọn níṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹrú ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí ṣì jẹ́. Ọdún méje ló tún lò kó tó gba òmìnira ní 1848, ọdún tí ìjọba Faransé fòpin sí oko ẹrú. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ọdún náà ni Sarda Garriga kéde rẹ̀ ní Réunion, àwọn tó sì di òmìnira lé ní 60,000. Ìgbà yẹn ni Edmond di Edmond Albius. Àwọn onítàn so orúkọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí funfun. Bóyá àwọ̀ fanílà tó tanná ni wọ́n ń wò, bóyá ẹ̀sín ni, ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Òmìnira kò wá pẹ̀lú owó. Edmond lọ sí Saint-Denis, ó ń ṣiṣẹ́ ilé. Wọ́n mú un fún ọ̀ràn olè, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, gómìnà sì dín ọjọ́ rẹ̀ kù nítorí oore tó ṣe fún erékùṣù náà. Ó padà sí Sainte-Suzanne, ó sì kú nínú ìṣẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, 1880, nígbà tí àwọn olóko ń fi fanílà kọ́lé.

Kó tó kú, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan, Jean Michel Claude Richard, ní òun lòun fi ọ̀nà náà han àwọn olóko ní 1838, pé ọmọ náà á ti yọjú wò ó. Bellier kọ lẹ́tà láti jẹ́rìí pé irọ́ ni, pé Edmond nìkan ló rò ó. Lẹ́tà yẹn ló jẹ́ ká mọ orúkọ Edmond. Ẹ ṣàkíyèsí o: ẹnu olówó rẹ̀ la ti gbọ́ ìtàn ẹrú yìí. Ká ní olówó náà dákẹ́ ńkọ́?

Lónìí, àlejò tó bá dé oko fanílà lójúmọ́ mọ́ nígbà tó ń tanná, á bá àwọn obìnrin lẹ́nu iṣẹ́. «Marieuses» ni wọ́n ń pè wọ́n, àwa á ní alárenà. Ìtànná kan kì í ju òwúrọ̀ kan lọ. Bí oòrùn bá ti mú, ó ti rọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Èso á wà lórí igi fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná, wọ́n á sá a, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kó tó ta sánsán. Iṣẹ́ náà ti Réunion dé Madagascar, tó ń ta fanílà jù láyé báyìí. Bí Edmond ṣe ṣe é ní 1841 náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìlú wa sílẹ̀, orúkọ ọba àti ogun ò ṣòro fún wa. Ta ló kọ́kọ́ mú iṣẹ́ ọwọ́ yín wọ agbo ilé yín? Bí àgbà kan bá ṣì wà tó mọ̀ ọ́n, ẹ bi í lónìí, kí ẹ kọ orúkọ náà sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò jẹ́rìí fún wa.