Rírí Lẹ́tà àti Dídá Ojú Mọ̀: Lẹ́ńsì wo ló yẹ Àgbà Dansoman?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń jiyàn lórí ìtọ́jú ojú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: pé lẹ́ńsì ọlọ́nà-kan, tí ń gbé ọ̀nà jíjìn nìkan yọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì, ti di ògbólógbòó, pé lẹ́ńsì tálákà ni, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, ọlọ́nà-mẹ́ta ni kí ó béèrè, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ awò ìkàwé títí ayé. Èrò tiwa ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbé ìbéèrè náà wọlé. Kì í ṣe ọjọ́ orí lẹ́ńsì ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò, ojú tí a fẹ́ fi í sí ni. Àgbà tí ń gbé Dansoman ní Accra, níbi tí ilé ìwòsàn Korle-Bu kò ti jìnnà, ni a fi ṣe òdiwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí àdúgbò náà kì í ṣe ti olówó tabua, kì í sì í ṣe ibi tí àwọn ọmọ kò ti lè dá owó jọ kí wọ́n fi ra lẹ́ńsì olówó gọbọi fún ìyá wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyànjú tí a ń takò yìí ń wá lọ.

Ohun tí kàtáráàtì jẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, òǹkàwé wa ti mọ̀ ọ́n. Ìtàn lẹ́ńsì náà pẹ̀lú kò ní í gba àyè púpọ̀. Harold Ridley ló kọ́kọ́ fi lẹ́ńsì oníke sínú ẹyinjú ènìyàn, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, lẹ́yìn tí ó ti kíyèsí i pé àfọ́kù ike ọkọ̀ òfuurufú ogun tí ó wọ àwọn awakọ̀ òfuurufú lójú kì í mú ojú wọn wú. Ridley yìí kan náà ti sin iṣẹ́ ológun ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ìwádìí rẹ̀ lórí àrùn inárun tí ń fọ́ ojú àwọn ará ibẹ̀ sì jáde ní 1945. Ní 1967 Charles Kelman gbé ọ̀nà àtifi ìró lílágbára fọ́ kàtáráàtì yángá jáde. Ní 1992 Aurolab bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú ní Madurai, ní Íńdíà. Lẹ́ńsì Symfony, tí ń na ibi tí ojú ti ń ríran gùn, gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní 2016. PanOptix ọlọ́nà-mẹ́ta gba tirẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n ọlọ́nà-kan kò jókòó sójú kan ní gbogbo ìgbà yìí. Ó ti di èyí tó ń ká, tí ó ń gba ojú ihò kékeré wọlé; etí rẹ̀ ti di onígun, kí awọ tí ó gbé e dúró má baà tètè ṣú padà. Ẹni tí ó pè é ní ògbólógbòó, iye ọ̀nà tí ó ń fi hàn nìkan ló kà.

Ìyàtọ̀ tí a fẹ́ kí òǹkàwé dì mú ṣinṣin nìyí: rírí lẹ́tà kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú dídá ojú mọ̀. Èdè wa fúnra rẹ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí kò sí Yorùbá tí kò ní í lóye ẹni tí ó bá wí pé òun rí ẹnì kan lókèèrè ṣùgbọ́n òun kò dá a mọ̀. Pátákó tí wọ́n fi ń dán ojú wò, rírí ló ń wọ̀n: lẹ́tà dúdú kirikiri lórí funfun báláú, nínú iná tó mọ́lẹ̀ rekete. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ ẹni nínú òkùnkùn ìrọ̀lẹ́, àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tí ìpele kejì jọ ìpele kìíní, ihò gọ́tà lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo wọn ni eérú lórí eérú. Dídámọ̀ ló ń gba ènìyàn là níbẹ̀, ìyẹn agbára àtimọ ibi tí àwọ̀ kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n súnmọ́ra tó. Ènìyàn lè ka ìlà tó kéré jù lórí pátákó kí ó sì ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èsì àyẹ̀wò méjèèjì jóòótọ́. Nígbà tí wọ́n bá wá sọ fún wa pé ọlọ́nà-púpọ̀ fún aláìsàn ní ojú pípé, ó yẹ kí á bi wọ́n léèrè pé ojú pípé fún èwo nínú méjèèjì.

Lẹ́ńsì kò lè fi ìmọ́lẹ̀ kún èyí tó wọ ojú; ọlọ́nà-púpọ̀ ń pín in ni. Nínú irú àkọ́kọ́ tí ń pín in dọ́gba sí ọ̀nà méjì, nǹkan bíi 41% lọ sí ọ̀nà jíjìn, 41% sí tòsí, ìyókù kò sì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Àwọn tuntun ti dín òfò náà kù, ṣùgbọ́n pípín kò tíì tán. Àwòrán tí kò tò máa ń bo èyí tí ó tò mọ́lẹ̀ bí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ lóru a sì máa yọ òrùka ìmọ́lẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Ojú tí ara rẹ̀ le lè fara da owó orí yìí. Ojú tí glọkómà, àrùn iṣan ojú, ti ń jẹ kò ní nǹkan tí yóò fi san án, nítorí agbára dídámọ̀ wà lára ohun tí àrùn náà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe ní Tema, ìlú èbúté tó wà ní ìlà-oòrùn Accra, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, yẹ àwọn tó ti pé 40 ọdún wò, wọ́n ju 5,000 lọ. Ó bá irú glọkómà tó wọ́pọ̀ jù lára 6.8% wọn, láàárín àwọn tó ti pé 80 ọdún, ó di 14.6%. Nínú àwọn tó ní àrùn yìí, 2.6% péré ló mọ̀ pé àwọn ní í. Ọjọ́ orí tí kàtáráàtì ń mú ènìyàn náà ni glọkómà ń mú un. Ẹni tí ó bá ń ta lẹ́ńsì tí ń pín ìmọ́lẹ̀ fún àgbà Accra, tí kò sì kọ́kọ́ wo iṣan ojú rẹ̀ dáadáa, kò mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ní ìlú tí wọ́n ti fún àìdúró iná mànàmáná lórúkọ, tí tọmọdé tàgbà ń pè é ní dumsor, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni pé lẹ́ńsì kan ń pàdánù ìmọ́lẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ wà, a kò sì ní í sá fún un. Àyẹ̀wò àgbéyẹ̀wò tí Cochrane gbé jáde ní 2016, tí ó kó ìwádìí 20 jọ, rí i pé àwọn tó gba ọlọ́nà-púpọ̀ kò nílò awò ojú tó àwọn yòókù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìlànà adójútòfò ìlera Gánà, tí òfin 2003 dá sílẹ̀, a máa san owó iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì, ṣùgbọ́n ó yọ awò ojú sílẹ̀. Nítorí náà wọn yóò ní lẹ́ńsì ọlọ́nà-kan ń ti aláìsàn sí ọrùn ìnáwó mìíràn. Àyẹ̀wò Cochrane kan náà ló sọ pé òrùka ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, agbára dídámọ̀ sì dín kù. Ẹni tí ó bá mú apá kan èsì, kó mú èkejì. Nípa ti owó, awò ìkàwé ṣeé rà lójú pópó, ó ṣeé bọ́, ó ṣeé pààrọ̀ bí ojú bá yí padà. Lẹ́ńsì inú ẹyinjú kò ṣeé bọ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n tún la ojú. Ẹni tí ó kórìíra awò gan-an lè gba ọlọ́nà-kan méjì, kí wọ́n ṣe ojú kan fún ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n sì fa èkejì súnmọ́ tòsí díẹ̀.

A gbà fún wọn lórí lẹ́ńsì tí ń tún ojú tó wọ́ ṣe, nítorí kì í pín ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì náà kò gba àṣìṣe: bí ó bá yí kúrò ní ipò rẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 30, gbogbo àǹfààní rẹ̀ ti lọ. Èyí ló mú wa dé ibi tí owó yẹ kí ó wọlé sí, ìyẹn wíwọn ojú kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe mìlímítà kan péré nínú gígùn ẹyinjú lè yí agbára lẹ́ńsì padà ju dáyọ́pítà méjì lọ, ìyẹn kò sì sí lẹ́ńsì olówó iyebíye tí yóò bò ó. Iṣẹ́ abẹ tó ń dúró sì pọ̀: ìwádìí gbogbogbòò tí Gánà ṣe ní 2015 fi hàn pé kàtáráàtì ló fa 54.8% ìfọ́jú ní orílẹ̀-èdè náà. Lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú sì lè ṣe é: ní Nepal, ìfiwéra tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, tí wọ́n fi aláìsàn 108 ṣe, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ abẹ olówó pọ́ọ́kú onílẹ́ńsì ọlọ́nà-kan kò gbẹ́yìn èyí tí ẹ̀rọ ṣe: 98% ló ríran dáadáa nínú ẹgbẹ́ méjèèjì bí wọ́n bá fún wọn ní awò tó yẹ.

A kò ní í sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọlọ́nà-mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ́langba kan tí iṣan ojú rẹ̀ dá ṣáká, tí kì í wakọ̀ lóru, yóò jẹ àǹfààní rẹ̀; ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò sì tíì jẹ́ kí á rí ìdí tí àgbà Dansoman lápapọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ohun tó kù tí ó ń mú ọkàn wa ni bí wọ́n ṣe ń bi aláìsàn léèrè. Nínú yàrá àyẹ̀wò, "Ṣé ẹ rí i?" ni ìbéèrè tí Yorùbá máa ń gbọ́, ó sì ń dáhùn pé òun rí i. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó dá a mọ̀. Iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé lé èyí ni kíkó ọ̀rọ̀ ìríran jọ lẹ́nu àwọn Yorùbá Accra, láti àwọn ìdílé tó ti wà ní New Town láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Lagos Town títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: kí ni wọ́n ń pe òrùka iná, kí ni wọ́n ń pe ojú tó ṣe bàìbàì láìfọ́, kí ni wọ́n ń sọ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ síbẹ̀ tí nǹkan kò yé ojú. Ga, Twi àti Hausa yóò tẹ̀lé e. Ìwé ìbéèrè fún ilé ìtọ́jú ojú ni a fẹ́ kí ó ti ibẹ̀ jáde, èyí tí aláìsàn yóò dáhùn ní èdè rẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ lẹ́ńsì kankan fún un.