Mọ́ṣáláṣí Méjì ní Ayé Ọbabìnrin Victoria

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá ń kọjá ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ẹdẹ, ẹ máa wo àwọn ilé tí wọ́n fi simẹ́ńtì ṣe òdòdó sí orí fèrèsé wọn. Ọwọ́ àwọn Àgùdà ni iṣẹ́ yẹn ti wá, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí àwọn àti ọmọ wọn padà sí Èkó pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà.

Nínú mọ́ṣáláṣí tí wọ́n kọ́ báyẹn, èyí tí ó wà ní òpópó Martins ní Èkó ni ó wù wá jù. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí ní Waterloo ní Sàró, ni ó ná owó rẹ̀. João Baptista da Costa, Àgùdà, ni olórí oníṣẹ́, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Ẹ gbọ́ orúkọ méjèèjì dáadáa: orúkọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ti àkọ́kọ́, ti èkejì jẹ́ ti Mùsùlùmí, ilé ìrun kan náà ni wọ́n sì jọ kọ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ Súlútánì Abdul Hamid ti Tọ́kì ni Abdullah Quilliam, lọ́yà òyìnbó láti Liverpool tí ó gba Ìsìláàmù. Súlútánì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá, ó sì di Shitta-Bey. Ọdún kejì ló kú.

Quilliam náà ní mọ́ṣáláṣí nílé, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti Èkó rárá. Àwọn ilé gbígbé tó fara ti ara wọn ní Brougham Terrace ni òun àti ìjọ rẹ̀ kó sí ní 1889. Láti iwájú, ilé òyìnbó lásán ni. Ẹ̀yìn ni yàrá ìrun wà. Bí ladani bá pe ìrun, àwọn kan a máa sọ òkò lù ú. Nígbà tí Quilliam kúrò nílùú ní 1908, ilé bọ́ lọ́wọ́ Mùsùlùmí, ó di ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀. Ọdún 2014 ni ìrun tó padà síbẹ̀.

Lójú tiwa, ẹnì kan ló gbé ti Liverpool rù. Ní Èkó, jàmáà ti wà kí ilé tó wà, wọ́n sì ń kírun níbẹ̀ dòní.

Ní àdúgbò kan nílùú wa, a dáwó tún mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kan ṣe. Àwa náà san tiwa. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ti fi òòlù gbá gbogbo òdòdó orí fèrèsé dànù, kí táìlì lè jókòó dáadáa.